Wọ́n Ní Ṣé Ẹran Ìgbẹ́ Ni Mo Fẹ́ Lọ Máa Ṣọ́

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Okun o. Ọmọ Yagba ní Kogi ni mí, Biology ni mò ń kà ní yunifásítì, mo ti wà ní 300 level, ecology, ìyẹn ìmọ̀ bí ohun abẹ̀mí ṣe ń gbé pọ̀ ní àyíká wọn, ni mo sì fẹ́ gbájú mọ́ torí iṣẹ́ conservation, dídáàbò bo igbó àti ẹranko, ló wù mí ṣe. Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ́ nọ́ọ̀sì, èmi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹran ìgbẹ́, ta ló fẹ́ san owó oṣù fún mi? Àbúrò wọn tó jẹ́ ọdẹ tiẹ̀ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé kí òun má pa ọ̀yà mọ́ ni. IT olóṣù mẹ́fà wa, tí wọ́n fi ń rán wa lọ kọ́ṣẹ́ níta iléèwé, ti ń bọ̀, bàbá mi ti bá mi wá àyè sí lábù ọsibítù kan nítòsí ilé. Ṣé kí n gbà á? Ṣé iṣẹ́ wà nínú nǹkan yìí lóòótọ́ àbí mò ń tan ara mi jẹ? Mi ò lówó master's o, kí n yáa tètè sọ.

Ọmọ Yagba

ÌDÁHÙN

Àbúrò, okun o. Èyí tó ń kánjú ni màá kọ́kọ́ dáhùn: má gba lábù yẹn. Mo mọ̀ pé ó rọrùn, oúnjẹ ilé wà, kò sówó ilé láti san, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà tí o bá fi wo ẹ̀jẹ̀ fún ibà, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ nípa ẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá ń wáṣẹ́ tó jẹ mọ́ igbó. IT yìí ni ìgbà tí iléèwé fúnra ẹ̀ máa ní kí o kúrò ní kíláàsì, kí o lọ bá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, kí wọ́n mọ ojú ẹ, kí o mọ tiwọn. Wọ́n ò ní tún fún ẹ ní irú ẹ̀ mọ́.

Gba lẹ́tà lọ́wọ́ HOD, olórí ẹ̀ka yín, báyìí, má dúró dìgbà tí gbogbo èèyàn á máa sáré. Ìbàdàn ni màá kọ́kọ́ kọ̀wé sí, torí pé ilé Okun wo ni ò léèyàn n'Ìbàdàn tàbí Ìlọrin? FRIN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa igbó, wà níbẹ̀, Forest Herbarium wà nínú ẹ̀, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ka àti ewé igi tí wọ́n ti sá gbẹ, tí orúkọ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, náà wà níbẹ̀, igbó tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ọgbà wọn lé ní 300 hẹ́kítà, ẹyẹ kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ibadan malimbe, tí ò sí níbòmíì láyé yàtọ̀ sí apá ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Tó bá jẹ́ Èkó lo léèyàn sí, NCF (Nigerian Conservation Foundation) wà ní Lekki, láti 1980 ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kainji náà wà, láti 1979 ni wọ́n ti sọ ọ́ di national park, kọ́lẹ́ẹ̀jì wildlife sì wà ní New Bussa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ká ní ayé ṣì rí bíi tàtijọ́ ni, òun ni mi ò bá kọ́kọ́ dárúkọ, ṣùgbọ́n ìwọ náà ń gbọ́ ìròyìn agbébọn inú igbó yẹn, mi ò ní rán ọmọ ọlọ́mọ lọ síbẹ̀ lásìkò yìí.

Ìbéèrè bàbá ẹ ò burú o, owó oṣù ṣe pàtàkì. National park wa jẹ́ 7 tẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí i kó di 17, àmọ́ iṣẹ́ ìjọba, ìwọ náà mọ̀ bó ṣe ń falẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ecology ò wò ni EIA, ìyẹn àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá máa ṣe fún àyíká. Òfin wà láti 1992 pé iṣẹ́ ńlá bíi ilé iṣẹ́ simẹ́ńtì, ìwakùsà, dáàmù, wọn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láì kọ́kọ́ yẹ ohun tó máa ṣe fún àyíká wò. Kogi tiwa yìí tí Obajana wà, tí Itakpe wà, tí wọ́n ń fọ́ òkúta káàkiri, ta ni wọ́n rò pé ó ń wọ igbó lọ kọ orúkọ igi àti ẹranko tó wà níbẹ̀ sílẹ̀? Àwọn kan máa sọ fún ẹ pé ìyẹn kì í ṣe conservation, pé ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń bo ara ni. Nígbà míì òótọ́ ni wọ́n sọ. Lójú tèmi, ó sàn kó jẹ́ ẹni tó mọ igi ló kọ ìwé náà ju kó jẹ́ ẹni tó jókòó sí Abuja dà á kọ.

Mo fẹ́ kí o gbọ́ èyí dáadáa: gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ẹranko nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ẹni tí ò pọ̀ ni ẹni tó ní àkọsílẹ̀, tó lè sọ pé ibi báyìí, ọjọ́ báyìí, nǹkan báyìí ni mo rí, fọ́tò ẹ̀ rèé. Bẹ̀rẹ̀ látorí igi, torí igi ò lè sá fún ẹ. Ìwọ ti mọ igi irú, ẹ̀mí, ayin, ìrókò lórúkọ ilé, wá fi Parkia biglobosa, Vitellaria paradoxa, Anogeissus leiocarpus, Milicia excelsa ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn tó ka ecology tí wọ́n bá dé inú ọ̀dàn tí wọn ò lè dárúkọ igi tó wà níwájú wọn, wọ́n pọ̀ jù.

Ta ló máa kọ́ ẹ láwọn tó kù? Àbúrò bàbá ẹ tó ń fi ẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ yẹn ni. Sọ fún un pé ọ̀yà ò sí lára àwọn tó ń tán lọ, kó fọkàn balẹ̀ jàre. Kó wá sọ fún ẹ èyí tó máa ń rí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹ̀gbẹ́ tí kò rí mọ́, àti igbó tó ti ń rí i nígbà yẹn. Bi àwọn ọdẹ míì náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí o fi ọ̀rọ̀ wọn wéra. Ọ̀nà ìwádìí gidi nìyẹn, wọ́n ń lò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n gbàyè lọ́wọ́ wọn kí o tó bẹ̀rẹ̀, má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, tí ẹnìkan bá sì ní òun pa akíkà lésìí, má gbé e sí status, má sì lọ sọ ọ́ ní tíṣàn. Òótọ́ ni pé láti 2016 ni wọ́n ti fòfin de títa gbogbo oríṣi akíkà láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, àmọ́ ọjọ́ tí o bá fi ọdẹ kan sun ọlọ́pàá ni gbogbo ọdẹ agbègbè yẹn dákẹ́ sí ẹ lára.

Ẹyẹ náà ńkọ́? Nigerian Bird Atlas Project ń wá ẹni tó máa ka ẹyẹ, app BirdLasser ni wọ́n ń lò, o máa lo ó kéré tán wákàtí méjì ní agbègbè kan, gbogbo irú ẹyẹ tí o bá rí tàbí tí o gbọ́ ohùn ẹ̀, o kọ ọ́ sílẹ̀. Dáàmù Kampe tó wà l'Ejiba, ibi ẹyẹ omi nìyẹn. Kò sí ìdí láti dá nìkan wọ igbó ní Yagba nísinsìnyí o, mo bẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ajínigbé yìí. Oko ẹ̀bá ilé, ọgbà iléèwé, odò tí gbogbo èèyàn ń pọn, ibẹ̀ náà lẹ́yẹ wà, àkọsílẹ̀ ẹ̀ sì wúlò bákan náà.

Tí bàbá bá ṣì ń bínú, bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn irú nínú ọbẹ̀. Àdán tó ń wá lá oje òdòdó igi irú lóru ló ń gbé eruku inú òdòdó láti orí igi kan dé òmíràn kó tó lè so. Ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń tanná, ìgbà yẹn gan-an ni àwọn èèyàn wa ń dáná sungbó. Iroro Tanshi, ọmọ Nàìjíríà, iṣẹ́ àdán ló ń ṣe ní Afi Mountain ní Cross River, àti bí iná ò ṣe ní máa wọ igbó yẹn, òun àti àwọn ará abúlé tó wà níbẹ̀ ló jọ ń ṣe é, àmì ẹ̀yẹ Whitley Award tí wọ́n fún un ní 2021, torí ẹ̀ ni. Iná yẹn kan náà ń jó láàrin Mopa sí Isanlu nígbà ọyẹ́, mi ò sì tíì rí ẹni tó jókòó ṣírò ohun tó ń jó níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ master's, owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere lóòótọ́. APLORI, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa ẹyẹ ní Jos, ń ṣe MSc Conservation Biology, A.G. Leventis Foundation ló wà lẹ́yìn wọn, máa ṣọ́ ìgbà tí wọ́n bá kéde. Rufford Foundation ti ìlú Òyìnbó náà máa ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lówó kékeré fún iṣẹ́ inú igbó. Ohun tí wọ́n máa bi ẹ́ ni kí lo ti ṣe, níbo, ẹ̀rí ẹ̀ dà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o ra ìwé àkọsílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì kọ lẹ́tà IT mẹ́ta ó kéré tán, torí wọ́n lè má dá ẹ lóhùn níbi méjì.