Bí ẹ bá yọ ìran ibùsùn kúrò, kí ló kù lára rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe visual novel fún àwọn àgbàlagbà, ìyẹn géèmù tó jẹ́ ìtàn alámọ̀ọ́wòrán tí ènìyàn ń kà tó sì ń yan ọ̀nà nínú rẹ̀; Ren'Py, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀, la sì ń lò. Ẹ̀dá ìtàn mẹ́rin ni ẹni tó bá ń ta géèmù náà (bí a ṣe ń ta ayò) lè bá ṣe ìfẹ́. Obìnrin trans ni ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn obìnrin tí wọ́n pè ní ọkùnrin nígbà tí wọ́n bí i. A kó o fún ènìyàn mẹ́sàn-án kí wọ́n bá wa dán an wò. Àwọn kan yìn ín. Ẹnì kan tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ trans dá a dúró lágbede méjì, ó ní, "Kò burú, àmọ́ èmi kọ́ lẹ kọ ọ́ fún." Ẹlòmíràn bínú pé a ò tètè sọ fún òun. A ò wá mọ ẹni tí à bá gbọ́ tiẹ̀. Kí gan-an ni àwọn tó ń ta géèmù máa ń wò kí wọ́n tó sọ pé a kọ irú ẹ̀dá báyìí dáadáa tàbí a ò kọ ọ́ dáadáa?

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ẹni tó ní òun kọ́ lẹ kọ ọ́ fún ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, òun ló sọ ohun tó wúlò jù fún yín.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ọ̀rọ̀ inú géèmù kó tó jáde, kí n sì tún ibi tó bá yẹ ṣe. Mi ò tíì bá ẹni tó ta géèmù tán pàdé kó wá ní, "Obìnrin yìí kò sọ̀rọ̀ jíjẹ́ trans rẹ̀ tó." Ẹ̀sùn tí mò ń gbọ́ ni pé kò ní nǹkan míì tó ń ṣe láyé ju kó jẹ́ trans, kó sì bọ́ṣọ. Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣe àdàkọ fáìlì ìtàn yín (ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó o), ẹ yọ gbogbo ìran ibùsùn rẹ̀ kúrò nínú àdàkọ yẹn, kí ẹ wá ka ìyókù. Ṣé ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe? Ṣé ẹnì kan wà tó ń bínú sí, yàtọ̀ sí ẹni tó kórìíra rẹ̀ torí pé ó jẹ́ trans? Ṣé ohun kan wà tó ń wá tí kò kan olú ẹ̀dá ìtàn yín rárá? Ẹ ṣe bákan náà fún àwọn mẹ́ta yòókù. Bí ti àwọn yẹn bá ku ogún ojú ewé lẹ́yìn gígé, tí tirẹ̀ ku mẹ́rin, ẹ ti rí ibi tí ẹni yẹn ti dúró.

Àmọ́ àwọn ènìyàn kì í fi ojú ewé wọn ìtàn. Ohun kéékèèké ni wọ́n máa ń rí kọ́kọ́, èyí tó kéré jù nínú wọn ló sì máa ń dun ènìyàn jù. Ẹ wo àpótí orúkọ, ibi tí orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa ń hàn sí lókè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo tún ìtàn kan ṣe rí tí wọ́n kọ obìnrin trans inú rẹ̀ dáadáa: ẹnu rẹ̀ mú, rédíò àtijọ́ ló ń tún ṣe, kò sì fẹ́ràn kí ènìyàn bá òun gbé àpò irinṣẹ́ òun. Ìgbà tí ìtàn wá padà sí ìgbà èwe rẹ̀, orúkọ ọkùnrin tí wọ́n sọ ọ́ ló jáde nínú àpótí yẹn. Ìlà méjìlá péré. Akọ̀wé náà kò ní ibi lọ́kàn, ó rò pé bó ṣe rí nígbà náà nìyẹn ni. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni mẹ́ta nínú àwọn tó dán an wò ti bínú.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí bàbá rẹ̀ bá fi orúkọ àtijọ́ pè é níbi ìjà, bàbá ló sọ̀rọ̀, bàbá la ó bínú sí. Àpótí orúkọ kì í ṣe ẹnu ẹ̀dá ìtàn kankan. Ẹnu géèmù fúnra rẹ̀ ni. Bí àpótí bá pè é bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀yin tí ẹ ṣe géèmù lẹ pè é bẹ́ẹ̀. A dá orúkọ rẹ̀ gan-an padà sí gbogbo ìlà méjèèjìlá, a jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ àtijọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú tèmi, ìran náà tilẹ̀ wá wọra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ àtijọ́ yìí ti mú àwọn ńlá pàápàá. Nínú géèmù Mass Effect: Andromeda tó jáde ní 2017, obìnrin trans kan wà tó ń jẹ́ Hainly Abrams. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá a pàdé ló ti máa sọ orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ fún yín, ẹ̀yin tí kò mọ̀ rí. Àwọn trans tó ń ta géèmù náà ní ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àjèjì? BioWare, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tọrọ àforíjì, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún yẹn kan náà: kì í sọ ọ́ mọ́ àfi fún ẹni tó ti fọkàn tán. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Àkókò tó sọ ọ́ ni wọ́n yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹni tó bínú pé ẹ ò tètè sọ fún òun. Ẹ má kàn fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn pé oníkórìíra ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Géèmù àgbàlagbà ni. Ẹni tó fẹ́ rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ irú ìran tó máa rí. Ojú ewé tí ẹ ti ń tà á ló yẹ kí èyí wà, ní gbólóhùn kan tí kò fi nǹkan pa mọ́. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, àwọn ẹlòmíràn á bá yín kọ ọ́. Lórí VNDB, ibi tí wọ́n ti ń to visual novel jọ lórí ayélujára, ẹnikẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀ ló lè fi tag (àmì tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀) sí visual novel, kó sì sàmì sí i pé àṣírí ìtàn ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi àmì àṣírí sí ara obìnrin yẹn, ẹ ti wọ inú ìtàn àtijọ́ kan tó ti sú gbogbo trans tí mo mọ̀: ọkùnrin kan rí arẹwà kan, ó fẹ́ ẹ, aṣọ bọ́, "Háà!"

Géèmù Catherine tí ilé-iṣẹ́ Atlus gbé jáde ní 2011 ni wọ́n ṣì máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún mi. Erica tó ń gbé ọtí fún wọn nínú ìtàn yẹn ní làákàyè, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, ọ̀rẹ́ gidi ni. Síbẹ̀ wọ́n fi jíjẹ́ trans rẹ̀ pa mọ́ títí di ìparí, wọ́n wá fi ṣe àwàdà mọ́ Toby tó ti bá a sùn. Ìdí tó fi ń dun ènìyàn ni pé wọ́n kọ ọ́ dáadáa tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ níta kí ó má bàa di ìdẹkùn nínú ilé. Bí òǹrà bá ti mọ̀ kó tó wọlé, ẹ ò nílò ìran "mo ní nǹkan kan láti sọ fún ọ" mọ́. Obìnrin náà lè mẹ́nu kàn án níbi tó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kó sì máa wá kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lò fún tag náà tún wà. Obìnrin trans ni ẹni tí wọ́n pè ní ọkùnrin nígbà tí wọ́n bí i, tó mọ ara rẹ̀ sí obìnrin, tó sì ń gbé ayé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Futanari" tí ẹ máa rí káàkiri àwọn géèmù àgbàlagbà jẹ́ irú ẹ̀dá àlá kan láti inú àwòrán àwọn ará Japan, ẹ̀dá tí ara rẹ̀ ní tọkùnrin tobìnrin. Bí ẹ bá lẹ tag yẹn mọ́ obìnrin trans, ẹni tó wá futanari kò ní rí ohun tó wá rà, ẹni tó jẹ́ trans á sì rò pé ẹ ka òun sí iwin. "Trap" túmọ̀ sí pé ó ń tan ènìyàn jẹ. "Shemale" jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta fíìmù ìbálòpọ̀. Ẹ kọ transgender, ó tán. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù tag ti ń ba àwọn tó ń ṣe géèmù láti oṣù Keje 2025, tí itch.io, ọjà géèmù orí ayélujára, yọ géèmù àgbàlagbà kúrò nínú ohun tí ènìyàn lè wá rí, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó. Àmọ́ ẹ má ka tag transgender mọ́ àwọn tag ìbálòpọ̀. Géèmù tí kò ní ìhòòhò kankan nínú lè ní obìnrin trans. One Night, Hot Springs tó jáde ní 2018 dá lórí ọmọbìnrin trans kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè lọ sí ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná, gbogbo ìdààmú inú rẹ̀ sì ni ibi tó ti máa wẹ̀ àti bí àwọn ènìyàn ṣe máa wò ó.

Ibi tí visual novel ti yàtọ̀ sí ìwé ni àṣàyàn, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń rí àṣìṣe tó burú jù. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tán, gbogbo nǹkan dákẹ́, àpótí méjì yọ: "Mo gbà ọ́ bó o ṣe wà" àti "Mi ò lè ṣe é." Ẹni tó kọ ọ́ rò pé inúure lòun ń ṣe. Àmọ́ ohun tí àpótí méjèèjì yẹn sọ ni pé adájọ́ ni ẹni tó di kọ̀ǹpútà mú, obìnrin yẹn sì dúró níwájú rẹ̀ tó ń retí ìdájọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù kò dúró níwájú ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ènìyàn ṣe ni pé kí wọ́n yí i: òun ni kó yàn. Jẹ́ kí ẹni tó ń ta géèmù ti wí ohun tí kò dáa ní ìran mẹ́ta sẹ́yìn, kí obìnrin náà wá ní òun ò wá sílé lálẹ́ yìí. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń padà lọ ka ìran yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Ìran ibùsùn ńkọ́? Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ṣí àkójọ àwòrán tí ẹni tó bá ta géèmù tán máa ń rí, kí ẹ wo tirẹ̀: ṣé ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, àbí ara rẹ̀ láti ọrùn sísàlẹ̀? Ṣé iye àwòrán rẹ̀ bá tàwọn yòókù mu? Ẹ wá ka ohun tí olú ẹ̀dá ìtàn ń rò lọ́kàn. "Mi ò bá má mọ̀ láéláé," "kò jọ ọkùnrin rárá": àwọn tó ń kọ ọ́ ka ìyẹn sí oríyìn. Ẹni tó ń kà á gbọ́ pé ẹ ṣì ń wá ọkùnrin lára rẹ̀. Ẹ fi ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan rọ́pò rẹ̀, àpá iná ìjórin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí. Kí ó sì lè ní òun ò fẹ́. Christine Love, ẹni tó ń kọ visual novel, tún ìran ìbálòpọ̀ kan ṣe nínú Ladykiller in a Bind ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, lẹ́yìn tí géèmù ti jáde, torí àwọn tó ta á ṣàròyé pé ẹnì kan nínú ìran náà kò gbà sí i. Ìyẹn kò jẹ mọ́ trans, àmọ́ ojú kan náà ni wọ́n á fi wo tiyín.

Nǹkan kan tó kan àwa tí à ń ronú ní Yorùbá: "ó" wa kò mọ akọ, kò mọ abo. Bí ẹ bá ń kọ géèmù yín ní Gẹ̀ẹ́sì, "he" á yọ́ wọlé síbi tó yẹ kó jẹ́ "she" láìjẹ́ pé ẹ rò ó, ẹni tó bá sì rí i kò ní gbà pé àṣìṣe ni. Ẹ wá a káàkiri fáìlì kí géèmù tó jáde.

Ní ti ẹni tí ẹ máa gbọ́ tiẹ̀: àwọn trans fúnra wọn kò fẹnu kò. Mo mọ ẹni tí kò fẹ́ rí ìhòòhò kankan, mo sì mọ ẹni tó ní ìhòòhò lòun bá wá, ẹ̀kọ́ ló sú òun. Ẹ má wá ẹnì kan ṣoṣo tó máa bá yín lu òǹtẹ̀ lé e. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá ẹni tó ń ṣàròyé dárúkọ ìlà kan. Bí géèmù bá ti wà lórí Steam, ọjà géèmù orí ayélujára míì, iye wákàtí tó ti lò níbẹ̀ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀; ẹni tó lo ìṣẹ́jú mẹ́fà tó wá kọ ojú ewé kan nípa ìparí ìtàn, ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe sí i. Ìyìn náà ńkọ́? Ẹni tó ní "ó rẹwà" ti yìn ayàwòrán yín. Kò tíì sọ ohunkóhun nípa obìnrin náà.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó dúró lágbede méjì yẹn. Ẹ má bi í pé kí ló yẹ kí obìnrin trans jẹ́, torí kò sí ẹni tó ń bi àwọn mẹ́jọ yòókù ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó ka gbogbo rẹ̀ tán kó sì kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ kàn bi í pé ìlà wo ló ti pa kọ̀ǹpútà dé.