Orúkọ àṣìṣe ló kù nínú ontology rẹ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Òkun o. Kàbà ni mo wà. Mo ń fi JADE, irinṣẹ́ Java tí wọ́n fi ń kọ aṣojú, kọ sọ́fítíwià tí yóò máa bá àwọn oníṣu nájà. Aṣojú mẹ́ta, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́ lórúkọ ẹni, ló wà nínú rẹ̀: ti olùtajà, ti olùrà àti ti ọkọ̀ akẹ́rù. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìsánlú bá já, tàbí tí ọ̀kan bá gba ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, gbogbo wọn a dúró sójú kan. Mo sì ti kó orúkọ ọjà gbogbo sínú ontology, àkójọ ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ wọn tí wọ́n jọ ń lò. Kí ló kù?

Ìdáhùn: Òkun o, àbúrò mi. Orúkọ ọjà lo kọ, o ò kọ orúkọ àṣìṣe. Àwọn aṣojú rẹ ti fẹnu kò lórí ohun tí iṣu jẹ́, wọn ò tíì fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa sọ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ọjà náà fúnra rẹ̀ ṣì nílò àtúnṣe díẹ̀. Bí olùtajà bá ní 100 iṣu, ṣé ènì wà nínú rẹ̀? Bó bá kó 110 wá pẹ̀lú ènì, tí ọkọ̀ sì fi àyè sílẹ̀ fún 100, mẹ́wàá á ṣẹ́ kù sílẹ̀ láìsí ẹni tó ṣẹ̀. Kọ ènì sọ́tọ̀. Kò pọn dandan kí inú aṣojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà o. Wo àwa Òkun: Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, kálukú ló ń sọ tirẹ̀ nílé, a sì ń gbọ́ra wa yé lọ́jà. Ohun tó bá ń jáde síta ni kó bá ontology mu.

Ní ti àṣìṣe, FIPA, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996 láti ṣòfin èdè àwọn aṣojú, ti là á sílẹ̀, JADE sì ń tẹ̀lé e. NOT_UNDERSTOOD ni "ọ̀rọ̀ rẹ ò yé mi." REFUSE ni "ó yé mi, mi ò ní ṣe é." FAILURE ni "mo gbà á, mo dáwọ́ lé e, kò bọ́ sí i." Àwọn èèyàn máa ń da méjì ìkẹyìn yìí pọ̀, owó ló sì ń bá a lọ. Bí ọkọ̀ bá kọ̀, wá ọkọ̀ mìíràn, kò sóhun tó bàjẹ́. Bó bá jẹ́ FAILURE, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti sanwó, wọ́n ti kó ìdajì ẹrù. Bó o bá kàn ránṣẹ́ sí òmíràn, ọkọ̀ méjì á pàdé nídìí ẹrù kan. Nítorí náà, dá kíláàsì kan sílẹ̀ nínú ontology fún àṣìṣe: iṣẹ́ wo ni, ibo ló dé, ṣé ó ṣeé dá padà, ṣé ó ṣeé tún gbìyànjú.

Nínú kóòdù, extractContent, àṣẹ tó ń tú ọ̀rọ̀ tó wọlé, lè ju àṣìṣe OntologyException tàbí CodecException sí ọ. Má fi catch, ibi tí kóòdù ti ń gba àṣìṣe mú, sílẹ̀ lófìfo. Kéèyàn tẹ àṣìṣe sójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìdáhùn. Àṣẹ createReply ni kó o lò, kó o fi NOT_UNDERSTOOD ránṣẹ́ padà. Má sì jẹ́ kí aṣojú kankan fi NOT_UNDERSTOOD dá NOT_UNDERSTOOD lóhùn, wọn ò ní dákẹ́ mọ́.

Ìdákẹ́ ló le jù. Aṣojú tó ti kú kò lè ránṣẹ́ ikú ara rẹ̀. Fi setReplyByDate dá àkókò, kí ẹni tó ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ kéde àṣìṣe nígbà tí àkókò bá pé. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ náà dé Ìsánlú, ìdáhùn ló sọnù lọ́nà. Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ọkọ̀ lè mọ̀ pé òun ti gba èyí rí, kó má baà gbé e lẹ́ẹ̀mejì.

Mark Klein àti Chrysanthos Dellarocas ní MIT ti dábàá ní 1999 pé ká yọ irú iṣẹ́ yìí kúrò lọ́wọ́ aṣojú kọ̀ọ̀kan, ká gbé e fún alámòójútó kan tí gbogbo wọn jọ ń lò. Fún aṣojú mẹ́ta, mi ò ní fìyẹn da ara mi láàmú báyìí. FAILURE ti ọkọ̀ akẹ́rù ni kó o kọ́kọ́ kọ, torí ibẹ̀ ni owó àwọn oníṣu ti lè há.