Ẹni Ọdún 52 Tó Ń Wa Bàálù: Ilé Iṣẹ́ Wo Ló Yẹ Kó Yàn?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Houston ni mo sì ń gbé. Ẹni ọdún 52 ni mí. Mo wa bàálù ní Nàìjíríà fún ọdún mẹ́rìnlá kí n tó kó wá sí Amẹ́ríkà, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tí mo wà ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń kó èrò wá fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, níbi tí mo ti jẹ́ kápítẹ́ẹ̀nì. Ilé iṣẹ́ méjì ló fẹ́ gbà mí báyìí. Èkíní tóbi: awakọ̀ 16,000 ló ní, bíi 600 nínú wọn ni yóò máa fẹ̀yìn tì lọ́dọọdún, kápítẹ́ẹ̀nì tó kéré jù lọ níbẹ̀ sì wà ní nọ́ńbà 12,500 nínú ìwé tí wọ́n fi to awakọ̀ láti àgbà dé kékeré. Èkejì kéré: awakọ̀ 1,100 péré, 15 ló ń fẹ̀yìn tì lọ́dún, bíi 60 sì ń kúrò níbẹ̀ lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, kápítẹ́ẹ̀nì tó kéré jù wà ní nọ́ńbà 700. Wọ́n ní ọkọ̀ tuntun 12 ń bọ̀ lọ́dọọdún, pé láàárín ọdún mẹ́ta n ó ti di kápítẹ́ẹ̀nì. Èwo ni kí n mú? Ó ń wù mí pẹ̀lú kí n wa bàálù ńlá lọ sí Èkó kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun kan ṣì kù: oṣù kẹwàá ni èkíní fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó nínú oṣù kejìlá, mo sì ń rò ó láti sún ẹ̀kọ́ náà di oṣù kìíní.

ÌDÁHÙN

Ilé iṣẹ́ kìíní ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlérí èkejì dùn-ún gbọ́ ju tirẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ti dàgbà kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ńlá máa ń béèrè ni iye ọdún tí wọn yóò fi di kápítẹ́ẹ̀nì. Èyí tó yẹ kí wọ́n béèrè ṣáájú ni ohun tí yóò ṣí àyè náà sílẹ̀ fún wọn, àti bóyá ohun náà jẹ́ ohun tí ènìyàn lè gbọ́kàn lé.

Ẹ mọ̀ pé ní àwọn ilé iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí ènìyàn wọlé ló ń sọ ọ́ di àgbà, kì í ṣe ewú orí rẹ̀, kì í sì í ṣe iye wákàtí tó ti fò. Àwa tí a dàgbà sínú agbo ilé mọ bó ṣe rí: ìyàwó tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, bí èyí tó wọlé tẹ̀lé e tilẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Obìnrin tó bá sì kúrò níbẹ̀ lọ fẹ́ ọkọ mìíràn, ìyàwó kékeré ni yóò jẹ́ níbẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó nílé àkọ́kọ́. Nọ́ńbà yín nínú ìwé àgbà ilé iṣẹ́, níbi tí wọ́n to gbogbo awakọ̀ sí láti ẹni tó kọ́kọ́ wọlé dé ẹni tó wọlé kẹ́yìn, ni yóò pinnu irú bàálù tí ẹ ó máa wà, ìlú tí ẹ ó ti máa gbéra, ọjọ́ tí ẹ ó sinmi, àti ìgbà tí ẹ lè bọ́ sí ìjókòó apá òsì tí í ṣe ti kápítẹ́ẹ̀nì. Ọdún mẹ́rìnlá ti Nàìjíríà àti mẹ́rin ti ibí kò ní bá yín wọlé. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe nínú yíyàn yìí fi burú fún ẹni ọdún 52 ju fún ẹni ọdún 27 lọ: ọmọdé lè tún ilé iṣẹ́ mìíràn wá lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ̀yin kò ní àyè ìyẹn mọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá pé ọdún 65, òfin kò ní jẹ́ kí ẹ tún wa bàálù fún àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí mọ́, ìbáà ṣe elérò ìbáà ṣe ẹlẹ́rù. Ọdún mẹ́tàlá ló wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìlérí ọdún mẹ́ta ti ilé iṣẹ́ kejì, ká tú u palẹ̀. Ẹ ó wọlé ní nọ́ńbà 1,100, kápítẹ́ẹ̀nì tó kéré jù sì wà ní 700, nítorí náà 400 ni àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yin àti ipò náà. Ẹni 15 ń fẹ̀yìn tì lọ́dún. Ẹni 60 ń bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ sí ibòmíràn. Bàálù kan tó ń fò láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ sì ń fẹ́ bíi kápítẹ́ẹ̀nì márùn-ún, torí náà ọkọ̀ tuntun 12 yóò ṣí àyè 60 sílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 135 lọ́dún. Ẹ fi pín 400, ọdún mẹ́ta ló jáde. Wọn kò parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n nínú 135 yẹn, 15 péré ló dá ènìyàn lójú. Ọgọ́ta kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ọkọ̀, ọgọ́ta kejì wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gba ènìyàn. Bí àwọn méjèèjì bá dáwọ́ dúró, tí ó ku 15 nìkan, ọdún 26 àti oṣù díẹ̀ ni ẹ ó fi dé nọ́ńbà 700. Ẹ sì tún rántí pé àwọn ọ̀dọ́ ló sábà máa ń kúrò, púpọ̀ nínú wọn yóò sì jẹ́ ẹni tó wọlé lẹ́yìn yín. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ, kò sún yín síwájú rárá.

Kì í ṣe àbá lásán ni pé orísun méjèèjì yìí lè gbẹ papọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, United, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ńlá Amẹ́ríkà, kéde pé òun ra ọkọ̀ tuntun 270, tí 150 nínú wọn jẹ́ Boeing 737 MAX 10. Títí ọdún 2024 fi parí, Boeing kò tíì rí ìwé àṣẹ gbà kí MAX 10 máa gbé èrò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 yẹn kan náà, United dá gbígba awakọ̀ tuntun dúró fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ tí wọ́n ń retí kò dé lásìkò. Ẹ wo bí ọ̀ràn kan ṣe di méjì: ọkọ̀ pẹ́, àwọn ńlá kò gba ènìyàn mọ́, àwọn tó wà ní ilé iṣẹ́ kékeré kò rí ibi tí wọn yóò lọ, gbogbo ìlà náà sì dúró gbagidi. Ti Spirit tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń sáré wọ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí pé ipò kápítẹ́ẹ̀nì yá níbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ní ọdún 2024 wọ́n dá awakọ̀ dúró sílé láìsanwó, wọ́n sì dá àwọn kápítẹ́ẹ̀nì kan padà sí ipò igbákejì, kí wọ́n tó lọ sí ilé ẹjọ́ fún ààbò onígbèsè nínú oṣù kọkànlá ọdún náà. Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n tún padà lọ sí ilé ẹjọ́ náà.

Ní ilé iṣẹ́ kìíní, ẹ ó wọlé ní 16,000, kápítẹ́ẹ̀nì tó kéré jù wà ní 12,500. Àlàfo náà jẹ́ 3,500. Ìfẹ̀yìntì 600 lọ́dún nìkan, láìka ọkọ̀ tuntun kankan sí i, yóò gbé yín dé ibẹ̀ láàárín ọdún mẹ́fà tí kò pé tán. Ẹ ó jẹ́ ẹni ọdún 58, ọdún méje yóò sì kù. Àwọn 600 wọ̀nyẹn kì í ṣe ìlérí ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ ìbí wọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ọkọ̀ lè pẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kàn án, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí kì í pẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló lè sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì wọn, ìyẹn òfin. Títí di ọdún 2007, ọdún 60 ni òpin. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún náà ni òfin tó sọ ọ́ di 65 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn tó yẹ kó lọ sì jókòó fún ọdún márùn-ún sí i. Ọ̀rọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ igbákejì sì wà lójú kan fún ọdún púpọ̀. Wọ́n gbìyànjú láti tún sọ ọ́ di 67 nínú òfin ọkọ̀ òfuurufú tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò níkẹyìn. Bó bá tún padà wá tó sì kọjá, kò ní pa ẹ̀yin lára bíi ti àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé bí ipò bá pẹ́ ọdún méjì kó tó kàn yín, ẹ̀yin náà ti rí ọdún méjì gbà ní ìparí.

Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ọ̀rọ̀ àdàpọ̀ wà nílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kejì, nítorí pé ilé iṣẹ́ kékeré ni wọ́n sábà máa ń rà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bàálù American ra òmíràn tó ń jẹ́ TWA ní ọdún 2001, ìsàlẹ̀ ìwé àgbà ni wọ́n to ọ̀pọ̀ jù lọ awakọ̀ TWA sí. Òfin ti wà láti ìparí ọdún 2007 pé kí irú ìtòpọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti òdodo, kí onílàjà sì dá a bí wọn kò bá fẹnu kò. Síbẹ̀, onílàjà lè gba ọdún púpọ̀, ẹ̀yin kò sì ní ọdún púpọ̀.

Nísinsìnyí, kí ló dé tí nọ́ńbà kápítẹ́ẹ̀nì fi sọ̀ kalẹ̀ dé 12,500 nínú 16,000, nígbà tó jẹ́ pé ìdajì ni kápítẹ́ẹ̀nì yẹ kó jẹ́? Nítorí pé ọ̀pọ̀ tó wà níwájú kò fẹ́ ẹ ni. Ní ọdún 2023, àyè kápítẹ́ẹ̀nì púpọ̀ ló ṣófo ní United tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè fún. Mo mọ ìdí rẹ̀ lára. Nígbà tí mo kọ́kọ́ di kápítẹ́ẹ̀nì, New York ni àyè wà, ilé mi sì wà ní Atlanta. Mo gba bẹ́ẹ̀dì kan ní Kew Gardens ní Queens, àdúgbò tí òṣìṣẹ́ bàálù pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Crew Gardens. Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì mẹ́ta ló wà nínú yàrá kan, òkè èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni tèmi. Kóòtù iṣẹ́ mi máa ń wà lórí hángà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìlà wúrà mẹ́rin tí í ṣe àmì kápítẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù á wà lábẹ́ ìrọ̀rí, nítorí pé ẹni tó kéré jù ni í dúró de ìpè. Bó bá dún ní aago mẹ́rin ìdájí, mo ti gbọ́dọ̀ máa wá sọ́ọ̀sì nínú òkùnkùn kí n má baà jí àwọn márùn-ún yòókù. Ẹni ọdún 44 ni mí nígbà náà. Èmi kò ní fẹ́ kí ẹni ọdún 58 tó ní ilé àti ìyàwó ní Houston ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìlà kẹrin lọ́wọ́ aṣọ.

Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ kìíní bá ní ibùdó ní Houston, ẹ béèrè nọ́ńbà kápítẹ́ẹ̀nì tó kéré jù ní ibùdó yẹn gan-an, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ lápapọ̀. Ó lè gba ọdún kan tàbí méjì sí i kó tó kàn yín. Ẹ fara balẹ̀ dúró dè é gẹ́gẹ́ bí igbákejì tó ń sùn sílé, tó sì ń yan ọjọ́ rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó tóbi jù ń san ìdá 16 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ yín sí àpò ìfẹ̀yìntì láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ìbáà ṣe apá ọ̀tún ìbáà ṣe apá òsì ni ẹ jókòó sí. Owó ọdún àkọ́kọ́ lè kéré sí èyí tí ẹ ń gbà báyìí. Ẹ tọ́jú nǹkan sílẹ̀ fún un.

Ní ti Èkó, kápítẹ́ẹ̀nì bàálù tó ń la òkun kọjá jẹ́ ti àwọn tó wà lókè pátápátá, n kò sì rò pé ọdún mẹ́tàlá yóò gbé yín débẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí igbákejì, ó ṣeé ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìlú tí wọ́n ń fò lọ yan ilé iṣẹ́. Ẹ̀yin ará Houston mọ̀ pé United ń fò láti ibẹ̀ lọ sí Èkó tààrà láti ọdún 2011. Ní 2016 wọ́n dá a dúró, nígbà tí wọ́n sì padà sí Èkó ní 2021, Washington ni wọ́n ti ń gbéra.

Ìlera yín náà wọ inú ìṣirò yìí. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ẹni tó ti lé ní 40 ń lọ síwájú dókítà fún ìwé ìlera onípò kìíní, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì ti mú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa kúrò lórí ìjókòó kí ọdún 65 tó dé. Ẹ ka ibi tí ìwé àdéhùn ilé iṣẹ́ méjèèjì ti sọ̀rọ̀ nípa owó tí wọ́n ń san fún awakọ̀ tí àìsàn dá dúró, ẹ kà á dáadáa ju ibi tí wọ́n ti kọ owó oṣù lọ.

Fún àwọn mìíràn tó ń ti Nàìjíríà bọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: òfin Amẹ́ríkà béèrè wákàtí 1,000 nínú irú iṣẹ́ bàálù tí òfin tiwọn ń darí kí ènìyàn tó lè jẹ́ kápítẹ́ẹ̀nì ilé iṣẹ́ bàálù, wákàtí tí a fò nílé kò sì sí lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé ti kọjá ìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oṣù kẹwàá. Ẹ bi wọ́n léèrè iye ènìyàn tí wọ́n ń gbà sí kíláàsì kan. Ká ní ọgọ́ta ni lọ́sẹ̀ méjì méjì, kíláàsì mẹ́fà yóò ti wọlé ṣáájú yín bí ẹ bá dúró di oṣù kìíní, ìyẹn 360 ènìyàn. Ní ilé iṣẹ́ tí 600 ń lọ lọ́dún, 360 yẹn tó oṣù méje lórí ìjókòó apá òsì, nínú ọdún méje péré tí ẹ ní. Nínú kíláàsì kan náà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ a máa to àwọn tuntun ní ọjọ́ orí, ẹni tó dàgbà jù ni wọ́n á fún ní nọ́ńbà àkọ́kọ́, torí náà orí ewú yóò ṣe yín láǹfààní lẹ́ẹ̀kan yìí. Ẹ gba ti oṣù kẹwàá, kí ẹ sì sọ fún ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́ wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé pé ẹ nílò Sátidé kan nínú oṣù kejìlá láti fa ọmọ yín lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ dárúkọ ọjọ́ náà gan-an fún wọn, kí ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ sílẹ̀.