Ọmọ tí kò jẹ́ kí kíláàsì rọgbọ: ìdáhùn sí lẹ́tà olùkọ́ kan láti Ìbàdàn

Olùkọ́ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì kà á, nítorí pé ìrora tìrẹ nìkan ni mo rí nígbà àkọ́kọ́, ìgbà kejì ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọmọ náà. O pè mí ní Màmá, nítorí náà n ó bá ọ sọ̀rọ̀ bí ìyá.

Nítorí àwọn tí wọn yóò ka ìdáhùn yìí láì rí ohun tí o kọ, jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Ìbàdàn ni o ti ń ṣiṣẹ́, ó ti pé ọdún 9 tí o ti wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ Pírámárì Kẹta ni wọ́n fà lé ọ lọ́wọ́ lọ́dún yìí, wọ́n sì jẹ́ 63. Láàrin wọn ni ọmọkùnrin ọlọ́dún 8 kan wà, tí n ó máa pè ní Àjàní kí a má baà dárúkọ rẹ̀ gan-an. O ní kì í jókòó. Ó ń lu tábìlì bí ìlù, ó ń já pẹ́ńsùlù gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń sáré jáde nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ó sì ti da kẹ́ẹ̀gì omi sórí ìwé àwọn ẹlòmíràn rí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó fi rúlà gbá ọmọbìnrin kan lójú, ìyá ọmọbìnrin náà wá bú ọ lójú gbogbo kíláàsì, nígbà tí obìnrin náà sì lọ tán, o mú ẹgba, o na Àjàní títí ojú ẹgba fi hàn lápá rẹ̀. Kò sunkún, ó kàn ń wò ọ́. Láti ọjọ́ náà ni o kò ti rí oorun sùn dáadáa mọ́, tí orí máa ń fọ́ ọ bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí o sì ń jágbe mọ́ ọmọ tìrẹ nílé lórí ohun tí kò tó nǹkan. O bi mí bóyá kí o fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, o sì bi mí bóyá ènìyàn burúkú ni ọ́.

Ìbéèrè kejì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Ìwọ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni burúkú kì í pàdánù oorun nítorí ojú ẹgba tí ó wà lápá ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí pé mo fẹ́ tù ọ́ nínú kí n sọ pé ohun tí o ṣe dára, nítorí kò dára, ìwọ náà sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó mú bírò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003 kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni ṣe ọmọ léṣe tàbí kí ó fi ìyà tí ń bu iyì ọmọ kù jẹ ẹ́, àmọ́ òfin nìkan kọ́ ni ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí o ń ṣe yìí, èmi náà sì mú ẹgba dání fún púpọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn, nítorí pé bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn. Nígbà tí mo bá jókòó báyìí tí mo ń rántí àwọn ọmọ tí ó gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá, àwọn tí mo nà jù ni mo mọ̀ kéré jù: n kò mọ ilé wọn, n kò mọ ohun tí wọ́n jẹ kí wọ́n tó wá sí ilé ìwé, n kò mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ẹgba ni kò jẹ́ kí n bèèrè. Ọmọ tí wọ́n nà tí kò sunkún, ó ṣeé ṣe kí nínà má jẹ́ tuntun sí i mọ́, bí kò bá sì jẹ́ tuntun mọ́, kò sí ohun tí ó lè fi kọ́ ọ.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí á padà sí lẹ́tà rẹ, nítorí pé ohun mẹ́rin wà níbẹ̀ tí o kọ kọjá bí ẹni pé wọn kò já mọ́ nǹkan. O ní bí ẹni tí ó wà ní òdìkejì títì ni Àjàní ń sọ̀rọ̀, kódà bí ó bá dúró tì ọ́. O ní bí o bá pè é láti ẹ̀yìn, yóò tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó yíjú, àti pé bí ọmọ mìíràn bá fọwọ́ kàn án pé wọ́n ń pè é, yóò fò dìde bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá jà. O ní ìwé ẹni tí ó jókòó tì í ni ó máa ń wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, o sì ka èyí sí olè jíjà. Lẹ́yìn náà ni o sọ pé ní ọjọ́ kan tí o dúró tì í, tí o sì ṣàlàyé ìṣirò fún un ní ojúkorojú, òun ni ó kọ́kọ́ ṣe é tán nínú gbogbo kíláàsì. Ọmọ mi, ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì lè jókòó síbí kí n sọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ tí n kò rí, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi ni, etí ọmọ yìí ni n ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó yẹ ìwà rẹ̀ wò.

Àrùn etí wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn ọ̀fìnkìn, omi lè gbá jọ sí inú etí, lẹ́yìn awọ tí ó ń gba ohùn, bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀, etí mìíràn a máa ṣọyún. Ohun tí ó ń tan àwa àgbà jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìgbọ́ràn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó lè gbọ́ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó má gbọ́ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń sọ pé ó ń gbọ́, oríkunkun ni ó ń ṣe. Wá fi ojú inú wo ọmọ bẹ́ẹ̀ láàrin ọmọ 63, lábẹ́ òrùlé páànù, nígbà tí kíláàsì kejì ń kọrin lẹ́yìn ògiri. Olùkọ́ kọjú sí pátákó, ó ń sọ̀rọ̀, kò rí ẹnu olùkọ́. Gbogbo ènìyàn ṣí ìwé, kò mọ ojú ewé tí wọ́n ṣí. Ó wo ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n pè é ní olè. Bí ó bá pẹ́, yóò wá iṣẹ́ fún ọwọ́ ara rẹ̀, tábìlì tí ó ń lù yẹn kò sì jìnnà sí i. O tún sọ fún mi pé o ti gbé e lọ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá kí àwọn tó kù lè rímú mí. Mo mọ ìdí tí o fi ṣe é, èmi náà ti ṣe é rí, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé etí ni, ibi tí ó burú jù lọ fún un nínú yàrá náà ni o gbé e sí.

Dán an wò ní ìrọ̀rùn. Ní àkókò tí ariwo kò sí, dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ó má rí ẹnu rẹ, kí o fi ohùn jẹ́jẹ́ ní kí ó bá ọ mú nǹkan kan wá. Ṣe bákan náà fún ọmọ méjì tàbí mẹ́ta mìíràn kí ó má baà dà bí ẹni pé òun nìkan ni wọ́n ń ṣọ́, kí o sì tún un ṣe ní ọjọ́ mìíràn. Wo etí rẹ̀ bóyá ó ń ṣọyún tàbí ó ń rùn. Ohunkóhun tí o bá rí, kì í ṣe ìwọ ni yóò tọ́jú rẹ̀: ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó wà ní àdúgbò ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, àwọn ni yóò sì sọ bóyá ó yẹ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn etí, imú àti ọ̀fun ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn. Bá mi sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe kán àdí tàbí òróró kankan sí etí náà, kí wọ́n má sì fi ìyẹ́ adìẹ tàbí òwú rò ó, nítorí pé ọ̀pọ̀ etí tí ó yẹ kí ó sàn ni irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá ti wà níbẹ̀, kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ náà wò.

Ó sì ṣeé ṣe kí etí rẹ̀ pé pérépéré, kí ó jẹ́ pé èdè ni. O ní Gẹ̀ẹ́sì ni o fi ń kọ́ wọn nítorí pé àwọn òbí fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni Àjàní fi ń dáhùn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ mìíràn fún ọdún 6 gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò rẹ̀yìn lẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ìwà ìpáǹle nínú kíláàsì ni ó jẹ́ àìgbọ́yé. Ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i ní Yorùbá, kí o wo bóyá tábìlì yóò dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ni ó kàn. O ní ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ó ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ wá iṣẹ́ ní Èkó, àti pé láti ìgbà náà ni wàhálà rẹ̀ ti le sí i. Lọ kí ìyá àgbà náà nílé, ṣùgbọ́n má ṣe lọ fẹjọ́ sùn, nítorí pé bí o bá fẹjọ́ sùn, wọn yóò nà án kí o tó dé ìta, ìwọ ni wọn yóò sì ka nínà náà sí lọ́rùn. Bèèrè bí Àjàní ṣe ń jẹun, bí ó ṣe ń sùn, bóyá ìyá rẹ̀ máa ń pè é lórí fóònù, bóyá etí ti yọ ọ́ lẹ́nu rí nígbà tí ó wà ní kékeré. Kí o tó dìde, bèèrè oríkì rẹ̀. Ìwọ náà mọ bí orí ọmọ ṣe máa ń wú bí wọ́n bá fi oríkì kí i. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí, ó lè ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe oríkì rẹ̀ láì jẹ́ pé wọ́n fẹ́ rán an níṣẹ́.

Nínú kíláàsì, mú un wá sí iwájú, kì í ṣe bí ìjìyà, kí o sì fi ọmọ tí ara rẹ̀ balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Má ṣe sọ̀rọ̀ nígbà tí o bá kọjú sí pátákó. Ohun kan ni kí o ní kí ó ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá iṣẹ́, nítorí náà fún un ní iṣẹ́: kí ó máa pín ìwé, kí ó máa gbé ìwé orúkọ lọ sí ọ́fíìsì. Gbogbo wọn pátá pàápàá kò lè jókòó pẹ́ títí lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ ọdún 8 ni wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n dìde, kí wọ́n ka oókan dé ogún pẹ̀lú àtẹ́wọ́, kí wọ́n tún jókòó. Bí Àjàní bá ṣe ohun tí ó dára, bó ti wù kí ó kéré tó, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí o sì dárúkọ ohun tí ó ṣe. Bí ó bá ṣe èyí tí kò dára, sún mọ́ ọn, gbé ọwọ́ lé tábìlì rẹ̀, fi ohùn kékeré bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì lu ẹnìkan, ẹni tí ó lù ni kí o kọ́kọ́ tọ́jú, kí o tó bá òun sọ̀rọ̀ ní àkókò ìsinmi, láì sí èrò ìwòran. Ra ìwé kékeré kan, kí o máa kọ aago tí wàhálà bá bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Kò ní yí padà lọ́sẹ̀ kan, ó sì lè kọ́kọ́ le sí i kí ó tó rọ̀.

Má gbàgbé ọmọbìnrin tí ó fi rúlà gbá. Ìyá rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti bú ọ níwájú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Lọ bá a, bẹ̀ ẹ́, kí o sì sọ ohun tí o ti ṣe kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé ọmọ 35 ni ó yẹ kí ó wà níwájú olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ní 63. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní jẹ́ kí o gbé gbogbo ẹ̀bi yìí lé orí ara rẹ. Kọ ìwé sí ọ̀gá ilé ìwé rẹ, má ṣe fi ẹnu lásán sọ ọ́, kí o sì béèrè bóyá wọ́n lè pín kíláàsì náà, tàbí kí wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí wọn kò bá tètè dáhùn, bá olùkọ́ tí yàrá rẹ̀ kan tìrẹ ṣe àdéhùn: bí o bá ti rí i pé ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n nítorí ìbínú, kí ó bá ọ wo àwọn ọmọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o jáde lọ mu omi, ìwọ náà yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Orí tí ń fọ́ ọ yẹn, má ṣe fi oògùn ẹ̀fọ́rí nìkan pa á mọ́ra. Lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Gbìyànjú kí o máa kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ tán ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kí o tó kúrò ní ilé ìwé, kí ọjọ́ Àìkú lè jẹ́ tìrẹ àti ti ọmọ rẹ. Bí oorun bá ṣì ń kọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́ láìnídìí, sọ ọ́ fún dókítà bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ní ti kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe pinnu rẹ̀ ní àárín sáà, pẹ̀lú orí fífọ́. Dúró di ìgbà ìsinmi gígùn, kí o tún bi ara rẹ léèrè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí àwọn ọmọ tó kù tó wọlé láti orí ìlà, pe Àjàní sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ. Bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ àti ojú rẹ̀ lè dọ́gba, kí ó lè rí ẹnu rẹ bí o ti ń sọ̀rọ̀. Sọ fún un pé ohun tí ó ṣe sí ọmọbìnrin yẹn kò dára, pé ohun tí ìwọ náà ṣe sí òun kò dára, pé kí ó má bínú, àti pé o kò ní nà án mọ́. Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé. Mo ti ṣe é rí, ọmọ náà kò sì tìtorí rẹ̀ rí mi fín. Lẹ́yìn náà, fi àyè rẹ̀ tuntun hàn án ní bẹ́ǹṣì iwájú, kí o sì fi aṣọ tí ẹ fi ń nu pátákó lé e lọ́wọ́.

Kọ̀wé sí mi nígbà tí wọ́n bá ti yẹ etí rẹ̀ wò.

Èmi ni,
Màmá rẹ