Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Matrix, WhatsApp àti afárá tí ó so wọ́n pọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni mí. Orí WhatsApp ni àwa tí a wà nílé ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Telegram ni àwọn ọmọ wa tí ó wà ní London ń lò. Ọ̀kan nínú wọn ní kí a máa lo Matrix, nítorí pé kò sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó dá a ni, àti pé a lè fi afárá so ó mọ́ àwọn méjèèjì. Níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ wa kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn? *Akọ̀wé kan, Ìbàdàn.*

Ìdáhùn: A kí yín, akọ̀wé wa. Òótọ́ ni ohun tí ọmọ yín sọ, ó sì wù wá kí ẹgbẹ́ bíi tiyín ní ibi ìpàdé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín kejì ni ó ṣe pàtàkì jù, a ó sì pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Matrix kì í ṣe áàpù. Ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ ni, tí ó jáde ní ọdún 2014, tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe áàpù tàbí kí ó fi gbé server tirẹ̀ (kọ̀ǹpútà tí ó ń gba ọ̀rọ̀, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́) kalẹ̀. Bí ẹni tí ó ń lo Gmail ṣe lè kọ ìméèlì sí ẹni tí ó ń lo Yahoo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí orúkọ wọn wà lórí server ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè pàdé nínú yàrá kan náà, tí server kọ̀ọ̀kan yóò sì tọ́jú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yàrá náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, nígbà tí ẹ̀rọ Facebook dákẹ́, WhatsApp dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ káàkiri ayé fún nǹkan bíi wákàtí 6. Lórí Matrix, bí server kan bá dákẹ́, àwọn tí ó wà lórí àwọn yòókù yóò máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ìjọba ilẹ̀ Faransé ti fi ìlànà yìí ṣe áàpù Tchap fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún 2019, àwọn ọmọ ogun Jámánì náà sì ní BwMessenger.

Láti bẹ̀rẹ̀, ẹ gba Element, áàpù kan fún Matrix, sórí fóònù, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lórí server tí ó ti wà, irú bíi matrix.org. Orúkọ yín yóò rí báyìí: @akowe:example.org, tí apá kejì rẹ̀ jẹ́ orúkọ server. Ẹ fara balẹ̀ yan server yìí, nítorí pé ẹ kò lè gbé orúkọ náà lọ sí òmíràn. Nígbà tí Element bá fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ sì fi pamọ́ síbi tí ó dájú. Bí fóònù bá sọnù, tí kò sì sí ẹ̀rọ mìíràn tí ẹ ti wọlé, láìsí kọ́kọ́rọ́ yìí ẹ kò ní lè ka àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí a dì pamọ́ (tí a yí padà kí ẹlòmíràn má baà lè kà á), ẹni tí ó ni server pàápàá kò sì ní lè ràn yín lọ́wọ́.

Ní ti afárá, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti áàpù kan lọ sí òmíràn, èyí tí àwọn ènìyàn ń lò jù fún WhatsApp ni mautrix-whatsapp. Mautrix-telegram ni ti Telegram. Ẹni tí ó ń bójú tó server ni ó máa ń so afárá mọ́ ọn, nítorí náà ẹ nílò server tiyín tàbí ti ẹni tí ẹ fọkàn tán. Afárá WhatsApp a máa wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí a so mọ́ fóònù, bí WhatsApp Web ṣe ń ṣe, fóònù náà sì gbọ́dọ̀ máa wọ íntánẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ 14 tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ WhatsApp yóò já a. WhatsApp kò fọwọ́ sí áàpù tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì lè ti àkáǹtì tí ó bá fura sí. Ìdí nìyí tí a fi gbà yín níyànjú pé kí nọ́ńbà tí ẹ ó lò fún afárá má ṣe jẹ́ èyí tí akápò fi ń gba owó. Àwọn tí ó ni ibi tí afárá dé náà lè yí ọkàn padà: ní ọdún 2023 ni wọ́n ti afárá tí ó so Matrix mọ́ Libera.Chat, tí ó jẹ́ ojúlé ńlá fún IRC, ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ tí ó ti wà láti ọdún 1988.

Wàyí o, ṣé ọ̀rọ̀ yín kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn? Nínú yàrá Matrix tí a ti tan ìdìpamọ́ sí, àwọn tí ó wà nínú yàrá nìkan ni ó lè ka ọ̀rọ̀ ibẹ̀. WhatsApp náà ń di ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n afárá kò lè gbé ohun tí kò lè kà. Ó gbọ́dọ̀ tú ọ̀rọ̀ tí ó gbà láti ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí náà ẹni tí ó ni àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí afárá wà lè ka gbogbo rẹ̀ bí ó bá fẹ́. Àwọn àgbà tí ó wà lórí WhatsApp kò ní mọ̀ bí ẹ kò bá sọ fún wọn, a kò sì rò pé ó tọ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni kọjá láìgba àṣẹ rẹ̀. Ẹ kéde rẹ̀ ní ìpàdé kí ẹ tó ṣe é, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ìdájọ́, àìsàn àti owó sí yàrá tí kò ní afárá. Kí ẹ kọ orúkọ ẹni méjì tí ọ̀rọ̀ aṣínà server náà wà lọ́wọ́ wọn sínú ìwé ìpàdé, kí ọ̀kan wà nílé, kí ọ̀kan sì wà ní London.