Ìbéèrè Òǹkàwé: Òkè Inú Ìtàn Àròsọ

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ ìtàn nípa ayé kan tí kò sí rí, mo sì fẹ́ òkè ńlá kan tí àwọn arìnrìn-àjò á máa fi mọ ọ̀nà. Báwo ni òǹkàwé ṣe máa gbà á gbọ́? (Òǹkàwé kan, ìlú Sábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin)

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ pinnu irú òkúta tí òkè náà jẹ́, torí òun ló ń fún un ní ìrísí. Àpáta gíráníìtì ni àwọn òkè Sábẹ̀ tí ẹ ń wò lójoojúmọ́: àgbàrá ti wọ́ ilẹ̀ tó rọ̀ jù wọ́n lọ kúrò díẹ̀díẹ̀, àpáta wá dá dúró, ara rẹ̀ sì ń bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, èyí tó sọ orí rẹ̀ di rìbìtì. Òjò kì í dúró lára irú àpáta bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè ló ń ṣàn sí, ibẹ̀ ni kí ẹ fi oko àti igi ńlá sí. Bí ó bá jẹ́ òkè tí iná abẹ́ ilẹ̀ kọ́ ni ẹ fẹ́, bíi Kilimanjaro tó ga ní mítà 5,895, yìnyín lè wà lórí rẹ̀ bí ooru tilẹ̀ mú nísàlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀ láti ìhà kọ̀ọ̀kan: kí ará ìlà-oòrùn máa rí ṣóńṣó kan, kí ará àríwá máa rí méjì, kí àjèjì sì lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí òun dé.