Ibi tí function ti ń yí àmì padà: má tíì fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ yẹn

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè ẹ. O ní wọ́n fún ẹ ní (x + 1)/(x − 2) ≥ 3, o ṣe cross multiply, ó di x + 1 ≥ 3x − 6, x ≤ 3.5 wá jáde, tíṣà sì fagi lé e, o wá ń béèrè pé kí ni sign chart tí wọ́n ń pariwo ẹ̀, ìyẹn ìlà nọ́ńbà tá a ń kọ plọ́ọ̀sì àti máínọ́ọ̀sì sí, fẹ́ ṣe tí algebra ò tíì ṣe.

Fi òdo sínú ẹ̀ wò ná. Òdo kéré sí 3.5, torí náà ó wà lára ìdáhùn tìẹ. Ṣùgbọ́n (0 + 1)/(0 − 2) jẹ́ −0.5, ṣé −0.5 wá ju 3 lọ ni? Kò jù ú lọ rárá. Ìdáhùn ẹ ti gba ẹni tí kò yẹ kó wọlé wọlé nìyẹn, kì í sì í ṣe òdo nìkan, gbogbo nọ́ńbà tó kéré sí 2 ló bá a wọlé, àti 2 fúnra ẹ̀ tí function yẹn, ìyẹn (x + 1)/(x − 2), ò tiẹ̀ ní ìdáhùn kankan fún.

Ohun tó fà á ni pé x − 2 ò ní àmì kan pàtó. Tí x bá ju 2 lọ, plọ́ọ̀sì ni, tí x ò bá tó 2, máínọ́ọ̀sì ni, bẹ́ẹ̀ o mọ̀ pé téèyàn bá fi máínọ́ọ̀sì mọ́típlàì inequality, ≥ gbọ́dọ̀ yí padà di ≤. Ìgbà tó o fi x − 2 mọ́típlàì, èwo nínú méjèèjì lo fi mọ́típlàì? Ìwọ náà ò mọ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní máàsì, ìwé tí mo sì ti máàkì ò kéré, ibi yìí gan-an ni máàkì ti ń jò lọ jù, ó sì máa ń dùn mí torí ọmọ tó mọ algebra dáadáa ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí.

Ohun tó yẹ kó o ṣe ni kó o kó gbogbo ẹ̀ sí apá kan kí òdo dá wà lápá kejì, kó o fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ síbi tó wà. (x + 1)/(x − 2) − 3 ≥ 0, pa á pọ̀, ó di (7 − 2x)/(x − 2) ≥ 0. Ní báyìí ìbéèrè ti rọrùn, kò bi ẹ́ pé èló ni mọ́, ó kàn ń béèrè ibi tí nǹkan yìí ti jẹ́ plọ́ọ̀sì tàbí òdo ni. Òkè di òdo ní 3.5, ìsàlẹ̀ di òdo ní 2. Fa ìlà nọ́ńbà, fi 2 àti 3.5 sí i, ìlà á pín sí àyè mẹ́ta, kó o wá mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú àyè kọ̀ọ̀kan: òdo fún wa ní plọ́ọ̀sì lókè, máínọ́ọ̀sì nísàlẹ̀, máínọ́ọ̀sì nìyẹn. 3 fún wa ní 1 lókè, 1 nísàlẹ̀, plọ́ọ̀sì. 4 fún wa ní −1 lókè, 2 nísàlẹ̀, máínọ́ọ̀sì. Àárín nìkan ló yè, 2 < x ≤ 3.5. Wo bí mi ò ṣe fi ìlà sábẹ́ àmì ti 2: ibi tí ìsàlẹ̀ ti di òdo kì í wọ inú ìdáhùn láéláé, ì báà jẹ́ ≥ ni wọ́n kọ. 3.5 wọlé ní tiẹ̀ torí òkè ló di òdo níbẹ̀.

O lè máa rò ó pé báwo ni nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣe lè jẹ́rìí fún odindi àyè kan. Ó lè ṣe é, ìdí ẹ̀ sì ṣe kókó torí tó bá yé ẹ o ò ní nílò láti há nǹkan kan sórí. Function tí gíráàfù ẹ̀ ò já níbì kankan ò lè ti plọ́ọ̀sì bọ́ sí máínọ́ọ̀sì láìkọjá lórí òdo. Bí ẹni tó fẹ́ dé òdìkejì odò ni, àfi kó gba orí afárá tàbí kó fò ó. Òdo ni afárá yẹn, ibi tí gíráàfù ti já ni ìfò. Bernard Bolzano, onímọ̀ máàsì ará Prague, ló kọ ẹ̀rí ẹ̀ jáde lọ́dún 1817. Torí náà tó o bá ti sàmì sí gbogbo ibi tí òkè ti di òdo àti gbogbo ibi tí ìsàlẹ̀ ti di òdo, kò sí ibòmíì tí àmì ti lè yí padà mọ́.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o, mo ní LÈ yí padà, mi ò ní ó gbọ́dọ̀ yí padà. Ibi kejì tí máàkì ti ń jò nìyí. Ọmọ kan gbé ìwé wá bá mi nígbà kan, (x + 3)(x − 1)²(x − 4) ≥ 0 ni wọ́n fún un, ó fa ìlà tó mọ́ tónítóní, ó sàmì sí −3, 1 àti 4, ó wá kọ plọ́ọ̀sì, máínọ́ọ̀sì, plọ́ọ̀sì, máínọ́ọ̀sì tẹ̀ léra wọn láìdán nọ́ńbà kankan wò, ó ní ṣebí wọ́n máa ń pààrọ̀ ni. Mo ní kó fi 2 sí i. 2 + 3 plọ́ọ̀sì, (2 − 1)² plọ́ọ̀sì, 2 − 4 máínọ́ọ̀sì, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ máínọ́ọ̀sì níbi tó kọ plọ́ọ̀sì sí. Bírákẹ́ẹ̀tì tí páwà ẹ̀ jẹ́ 2, 4, 6 kì í yí àmì padà, ó kàn máa ń fọwọ́ kan òdo tí á sì padà síbi tó ti wá ni. Èyí tí páwà ẹ̀ jẹ́ 1, 3, 5 ló ń yí i. Àmì tòótọ́ ni plọ́ọ̀sì, máínọ́ọ̀sì, máínọ́ọ̀sì, plọ́ọ̀sì, ìdáhùn sì ni x ≤ −3 tàbí x ≥ 4, pẹ̀lú x = 1 tó dá dúró lóun nìkan torí ibẹ̀ jẹ́ òdo, ≥ sì gba òdo. Ẹ̀ẹ̀kan tó dá dúró yẹn, ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé ẹ̀.

Nígbà tó o bá ń dán nọ́ńbà wò, má jẹ́ kí kàlìkúlétọ̀ gba àkókò ẹ. Iye ẹ̀ ò kàn wá, máínọ́ọ̀sì mélòó ló wà níbẹ̀ la fẹ́ kà: 1 tàbí 3, máínọ́ọ̀sì ni, kò sí tàbí 2, plọ́ọ̀sì ni. Mú nọ́ńbà tó rọrùn, òdo tí kò bá sí lára àwọn tó o sàmì sí, tàbí 100 àti −100 fún àwọn ìpẹ̀kun. Kó o sì ṣọ́ra fún bírákẹ́ẹ̀tì bíi (5 − x), ọ̀tún ẹ̀ ni máínọ́ọ̀sì, òsì ni plọ́ọ̀sì, òdìkejì ohun tójú ti mọ́. Èyí tí kì í di òdo rárá ńkọ́, bíi x² + x + 1? Discriminant ẹ̀, ìyẹn b² − 4ac, jẹ́ 1 − 4, ìyẹn −3, kò tó òdo, torí náà kò ní di òdo láé, x² iwájú ẹ̀ sì jẹ́ plọ́ọ̀sì, plọ́ọ̀sì ni títí lọ, má tiẹ̀ fi sórí ìlà.

Tó bá jẹ́ log ló wà níbẹ̀, kọ́kọ́ béèrè ibi tí function yẹn ń gbé. x ln x (irú log kan ni ln) ò ní nǹkan kan ní òdo àti lápá òsì ẹ̀, torí náà orí òdo ni ìlà tìẹ ti bẹ̀rẹ̀: máínọ́ọ̀sì láàárín òdo àti 1, plọ́ọ̀sì lẹ́yìn 1, ó parí.

Má sì rò pé torí inequality nìkan lò ń kọ́ ọ, tó o bá dé calculus o máa tún bá a pàdé, níbẹ̀ gan-an ló ti wúlò jù lójú tèmi. Mú x⁴ − 4x³. Derivative ẹ̀, èyí tó jẹ́ plọ́ọ̀sì níbi tí gíráàfù ti ń gòkè, máínọ́ọ̀sì níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀, ni 4x³ − 12x², ìyẹn 4x²(x − 3), ó di òdo ní 0 àti 3. Ẹni tí kò fa ìlà á sáré sọ pé ibi méjì ni gíráàfù ti yí. Fa ìlà: máínọ́ọ̀sì kí ó tó dé òdo, máínọ́ọ̀sì láàárín òdo àti 3, plọ́ọ̀sì lẹ́yìn 3. Gíráàfù ń sọ̀ kalẹ̀, ó sinmi díẹ̀ ní òdo, ó tún ń sọ̀ lọ títí dé −27 ní x = 3, ibẹ̀ nìkan ló ti wá gòkè.

Dán èyí wò fúnra ẹ kó o tó sùn: (x² − 9)/(x² + 4x + 4) < 0. Tú òkè àti ìsàlẹ̀ sí bírákẹ́ẹ̀tì kó o tó fa ìlà. Tó o bá rí i pé àárín −3 sí 3 ni, tó o sì yọ −2 kúrò níbẹ̀, o ti gbà á. Tí nǹkan míì bá jáde, kọ gbogbo ìlà iṣẹ́ ẹ síbí ká jọ wò ó.